Ìdánwò Orí Fóònù

Ìyá Jẹ́jẹ́ ti dirí oníbàárà rẹ̀ dé ìdajì nígbà tí Mọ́mì Òkè sọ̀kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láìwọ bàtà. Ìyẹn nìkan ti tó láti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, nítorí obìnrin tí kì í yọjú síta láìkun àtíkè ni. Òun ló ni ilé náà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun àti Sísí ọmọ rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fún un lórúkọ. Ìyá Jẹ́jẹ́, ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn wà ní yàrá méjì nísàlẹ̀, iwájú ilé ni obìnrin náà sì ti ń dirí fún àwọn èèyàn. Mọ́mì Òkè kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na fóònù ọwọ́ rẹ̀ sí onídìrí lójú, ó ní kó kà á.

Ìyá Jẹ́jẹ́ nu ìpara ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gba fóònù náà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ló kọ̀wé. Wọ́n ní ìdáhùn Sísí àti ti Jẹ́jẹ́ nínú ìdánwò ìparí ọdún bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan àwọn ibi tí wọ́n ti ṣì í, àti pé inú fóònù kan ṣoṣo ni ti àwọn méjèèjì ti jáde wá. Wọ́n ti fagi lé ìdánwò náà. Kí òbí wọn mú wọn wá lónìí kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó máa bọ́ sí kíláàsì àṣekágbá nínú wọn.

Ó kà á tán, ó tún un kà. Mọ́mì Òkè kò dúró kó parí ẹlẹ́ẹ̀kejì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ohun tí òun rí gbà nídìí àánú nìyí. Òun ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ọlọ́mọ, òun ní kó wá lo fóònù ọmọ òun, nítorí iléèwé ti sọ pé gbogbo iṣẹ́ orí fóònù làwọn á máa ṣe, òun sì mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀. Kàkà kó kọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ, ọmọ náà jókòó ti Sísí, ó sì ń wo tiẹ̀ kọ.

"Ọmọ rẹ ló wo ti ọmọ mi," ló sọ. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tó o bá débẹ̀, kó o jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Jẹ́jẹ́ fẹ́ fèsì, àmọ́ ó rántí ẹni tó rán ọmọ náà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ọmọ náà lọ sókè ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń sọ fún un pé kó lọ jókòó ti Sísí, kó ní sùúrù, kó má fi ojú di wọ́n, kí Sísí lè máa kọ́ ọ. Nítorí oore yẹn, ọ̀fẹ́ ló ń dirí fún Sísí, Jẹ́jẹ́ ló sì ń fọ abọ́ òkè kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó wá bẹ Mọ́mì Òkè pé kó má bínú, pé òun á bi ọmọ náà léèrè. Mọ́mì Òkè gba fóònù rẹ̀, ó ti ń gòkè lọ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Oníbàárà tó wà lórí àga, obìnrin oníbúrẹ́dì tí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí kò mọ̀, fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti di, ẹ̀gbẹ́ kejì dúró gangan bí ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà. Ó béèrè bóyá báyìí lòun máa ṣe wà. Nígbà tó rí ojú onídìrí, ó fa gèlè rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó wé e, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun á dúró. Ó ní nígbà tòun, síléètì ni wọ́n ń lò, tó bá sì fọ́, wọ́n á na èèyàn, ó parí. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí, ó ní, ń jẹ iná, ó ń jẹ dátà, ó sì tún ń jẹ òbí.

Ìyá Jẹ́jẹ́ wọlé. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bíríkìlà nítorí iṣẹ́ rẹ̀, na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Símẹ́ńtì kò tíì dé síbi iṣẹ́, fọ́máànù sì ti ní kí gbogbo wọn dúró sílé de ìpè. Fóònù rẹ̀ wà lórí àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára fóònù. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ògiri ilé náà kò nípọn. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Mo ní kí ẹ fi fóònù yìí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìdánwò yẹn," ni ìyàwó sọ. "Ọjọ́ kan péré ni mo tọrọ."

"Kí n fi sílẹ̀, kí fọ́máànù wá pe ta ni? Tí wọ́n bá pè tí mi ò gbé e, ẹlòmíì ni wọ́n máa pè. Àbí ìdánwò la máa sè jẹ?"

Ó ní ìdánwò kọ́ ni wọ́n máa sè jẹ, àmọ́ kò sí ìgbà kan tó béèrè pé báwo ni ọmọ ṣe ń ṣe é. Kò tiẹ̀ tẹsẹ̀ wọ ọgbà iléèwé yẹn rí. Bíríkìlà dáhùn pé bírò àti ìwé lòun fi lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó ní kí bàbá òun lọ ra ẹ̀rọ. Àwọn tó ṣòfin pé ọmọ gbọ́dọ̀ ní fóònù ni kí wọ́n ra fóònù fún ọmọ. Ìyàwó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó dìde kó lọ sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn. Bíríkìlà kọjú sí ògiri. Ìró ẹ̀wà tó ń bọ́ sínú abọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan ni wọ́n ń gbọ́, lẹ́yìn náà ìyẹn náà dákẹ́. Jẹ́jẹ́ ti lọ wọ aṣọ iléèwé rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ìyá àti ọmọ fi rìn. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ Mọ́mì Òkè fi kọjá lára wọn, Sísí jókòó sẹ́yìn, ó kọjú sí òdìkejì. Eruku bò wọ́n. Níwájú báńkì tó wà ní ìkóríta, àwọn ọmọ iléèwé kan fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n tẹrí ba sórí fóònù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì máa ń yọ́ dé ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ báńkì ń lé wọn, wọ́n ń sún díẹ̀, wọ́n sì ń padà sí àyè wọn. Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró níbi tí ariwo wọn kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ òun.

"Ṣé o wo tiẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Báwo ló wá ṣe jẹ́ ọ̀kan náà?"

Orúkọ tí wọ́n ń pè é yẹ ọmọ náà, nítorí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè láé. Bó ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, ojú rẹ̀ nílẹ̀. "Èmi ni mo ṣe méjèèjì."

Ìyá rẹ̀ ní kó tún un sọ. Jẹ́jẹ́ sì sọ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń lọ sókè ni wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn. Ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ Sísí tán kí Sísí tó fún un ní fóònù láti ṣe tirẹ̀. Nígbà míì, kò tíì parí tirẹ̀ tí Sísí á ti gba fóònù, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe náà ni wọ́n ṣe. Ó dáhùn ìbéèrè Sísí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fara balẹ̀, ó ṣe ìṣirò sínú ìwé kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan tirẹ̀, àsìkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò ráyè ka ìbéèrè mọ́, ohun tó tẹ̀ fún Sísí ló ń tẹ̀ fún ara rẹ̀. Ibi tó ti ṣì í nínú ti Sísí náà ló ti ṣì í nínú tirẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ rántí iye ìgbà tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Sísí. Ó rántí bó ṣe máa ń gbé orí ọmọbìnrin yẹn lé itan, tí á máa sọ fún un pé Ọlọ́run á san án fún un. Ó fẹ́ bínú sí Jẹ́jẹ́ pé kò sọ, àmọ́ ó mọ ìdí tí kò fi sọ. Tó bá sọ, òun ìyá rẹ̀ náà ló máa ní kó ní sùúrù.

Nígbà tí wọ́n dé iléèwé, àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ojú fèrèsé, ó rí ọmọ tó pọ̀ tí iná fóònù ń tàn sójú wọn. Ó tún rí àwọn mélòó kan lẹ́yìn pátápátá tí kò sí nǹkan kan níwájú wọn, tí wọ́n ká ọwọ́ lé tábìlì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Níwájú ọ́fíìsì, Mọ́mì Òkè dìde pàdé rẹ̀. Ó ti wọ bàtà, ó ti kun àtíkè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò jìnnà síbi tí Jẹ́jẹ́ jókòó sí lórí bẹ́ńṣì.

Ó ní Sísí ti jẹ́wọ́ fún òun nínú ọkọ̀. Òun mọ̀ báyìí pé Jẹ́jẹ́ ló mọ̀wé. Kò jiyàn. Àmọ́ bí wọ́n bá wọlé tí wọ́n sọ bó ṣe jẹ́, wọ́n á fìyà jẹ àwọn ọmọ méjèèjì, nítorí ẹni tó ṣe é fún èèyàn àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú iléèwé. Bí Jẹ́jẹ́ bá gbà pé òun wò ó, wọ́n á dá ti Sísí padà fún un. Bàbá Sísí tó wà lókè òkun ti búra pé tí ọmọ yìí bá tún dúró sójú kan, òun ò ní rán nǹkan kan wá sílé mọ́, kò sì sí nǹkan míì tí àwọn ń jẹ. Jẹ́jẹ́ kéré lọ́jọ́ orí. Kí ni ọdún kan tó jẹ́ lára rẹ̀?

"Mo máa ra fóònù fún un," ló sọ. "Tuntun. Lónìí yìí. Kò tún ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́." Ó tún di ọwọ́ rẹ̀ mú. "A jọ ń gbé inú ilé kan ni, Ìyá Jẹ́jẹ́. Mi ò fẹ́ kí nǹkan ba ìyẹn jẹ́."

Ó yẹ kí ìyá náà kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò kọ̀. Ó ń rò ó, ìrònú náà sì ń sáré nínú rẹ̀. Kò ní sí ìrọ̀lẹ́ òkè mọ́, kò ní sí abọ́ fífọ̀ mọ́, kò ní sí ìjà lórí fóònù Bíríkìlà mọ́. Bí wọ́n bá lé wọn nílé, níbo ló máa rí iwájú ilé tí á ti máa dirí? Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó yíjú padà, Jẹ́jẹ́ ń wò ó láti orí bẹ́ńṣì.

Tíṣà tó ń mójú tó ìdánwò jẹ́ ọkùnrin tí oorun kò kún ojú rẹ̀. Ó ní òun kò ṣòfin kankan, òun kàn ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun ni. Ó béèrè ẹni tó ni fóònù. Sísí ní òun ni. Tíṣà mi orí. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro, ẹni tó ni fóònù ló yẹ kó ni ìdáhùn. Ó wá kọjú sí Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìpara irun ṣì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́.

"Èmi ni mo wò ó, sà," ni Jẹ́jẹ́ sọ.

Tíṣà tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ iwájú rẹ̀. Ó ní wọ́n á dá ìdánwò ti èkejì padà, Jẹ́jẹ́ á sì tún kíláàsì ṣe. Ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ní nǹkan kan láti sọ. Ìyá náà ní rárá. Ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ débi pé ó yà á lẹ́nu.

Mọ́mì Òkè ní kí gbogbo wọn jọ wọkọ̀ padà. Jẹ́jẹ́ ti ń rìn lọ ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò bá a. Bí ó bá yára, ọmọ náà á yára.

Oníbúrẹ́dì ṣì wà lórí àga. Ó béèrè ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà dé, Ìyá Jẹ́jẹ́ ní wọ́n ti yanjú ẹ̀. Ó mú irun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Kò pẹ́ tí oníbúrẹ́dì fi kígbe pé ó ń fa òun lórí jù, pé orí òun kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Onídìrí tú u, ó tún un dì, àmọ́ ó tún fún jù. Oníbúrẹ́dì wò ó nínú dígí, ó sì fara dà á títí wọ́n fi parí.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe jókòó ti ẹ̀wà àti búrẹ́dì, Mọ́mì Òkè kanlẹ̀kùn. Ó gbé páálí kékeré kan lé orí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun sọ nìyẹn, ó sì lọ. Bíríkìlà ṣí páálí náà. Ó wo fóònù, ó yí i padà, ó tún wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún obìnrin náà. Ó ní àwọn èèyàn kàn ń sọ ọ́ láìdáa ni, ẹ wo oore tó ṣe. Ó gbé e fún ọmọ rẹ̀ pé kó tàn án, kí wọ́n rí i. Ìyàwó rẹ̀ ń fi búrẹ́dì nu ibi tí kò sí nǹkan kan nínú abọ́.

Jẹ́jẹ́ tàn án. Iná rẹ̀ tàn sójú gbogbo wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wá gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sún un síwájú ìyá rẹ̀.

"Fóònù yìí ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ín," ló sọ. "Mọ́mì, orúkọ ta ni kí n kọ?"

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bíríkìlà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló ń béèrè, ṣebí orúkọ tirẹ̀ ni. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́.

"O sì gbà?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Mo dákẹ́."

Ó ń retí kó pariwo. Ì bá rọrùn ká ní ó pariwo. Ọkùnrin náà kàn wo fóònù ara rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì dojú rẹ̀ dé. Jẹ́jẹ́ ti kó abọ́ tirẹ̀, ó ti wọ yàrá lọ.

Ìyá Jẹ́jẹ́ dá fóònù tuntun padà sínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá a wá. Ó gun àtẹ̀gùn. Mọ́mì Òkè ló ṣílẹ̀kùn, Sísí sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí àga, kò ṣe nǹkan kan. Ìyá Jẹ́jẹ́ na páálí náà sí i. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ṣe àṣìṣe lọ́ọ̀sán. Lọ́la, òun á padà lọ bá tíṣà, òun á sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Òun á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún àwọn ọmọ méjèèjì ní ìdánwò mìíràn lórí ìwé, kí kálukú jókòó sí tirẹ̀.

"Wọn ò ní gbà ẹ́ gbọ́," ni Mọ́mì Òkè sọ. "Ẹnu ọmọ rẹ ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀, mà."

"Kó o yáa wá ilé míì nìyẹn."

"A máa wá a, mà."

Mọ́mì Òkè kò gba páálí náà. Ìyá Jẹ́jẹ́ rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Sísí bú sẹ́kún lórí àga, ìyá rẹ̀ sì ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Bí Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gbọ́ wọn, ó sì mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń gbọ́ wọn.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ilé ti bọ́. Bíríkìlà sún abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó ń parí ilé lọ́wọ́, òun á bi í. Ó sì ní kó jí òun ní kùtùkùtù, òun náà ń lọ sí iléèwé yẹn.

Jẹ́jẹ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú òkùnkùn, kò sùn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ohun tí òun ṣe lónìí kò dára, òun ló yẹ kó sọ̀rọ̀, òun kò sì sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́la, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ ń lọ.

"Tí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

"A máa jókòó síbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kó lọ tàbí kó wọlé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó gbọ́ tí ẹní ń dún. Jẹ́jẹ́ ti sún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi àyè sílẹ̀ níwọ̀nba èyí tí èèyàn kan lè jókòó sí.